Àṣẹ Aláyẹ̀wò àti Ọgbọ́n Ayàwòrán Ilé

Láyé àtijọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé amọ̀ ni àwọn baba ńlá wa fi ń mọ ilé, kò sí ohun tí ó fara sin nínú ògiri. Wọn a po amọ̀, wọn a mọ ipele kìn-ín-ní, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí wọn tó gbé ipele kejì lé e lórí. Onílé ń wò ó. Àwọn àna àti ọ̀rẹ́ tí ó wá ṣe ọ̀wẹ̀ ń wò ó. Aládùúgbò tí ògiri náà lè wó lù ń wò ó pẹ̀lú. Bí ògiri bá wọ́, gbogbo ojú ni yóò rí i, ẹnu kò sì ní í yéé sọ ọ́ títí a ó fi tún un mọ.

Ọ̀ràn yí padà nígbà tí sìmẹ́ńtì àti irin dé. Agbára ilé òde òní wà nínú irin tí a tò sínú kankéré, bí a bá sì ti da kankéré bo irin náà tán, kò sí ẹ̀dá tí ó lè fi ojú lásán mọ̀ bí ó ti pọ̀ tó tàbí bí a ti tò ó. Ẹni tí yóò háyà yàrá nínú ilé náà ní ogún ọdún sí àkókò yìí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí à ń da dẹ́kìn. Ọmọ tí yóò sùn sábẹ́ àjà náà lè má tíì dé ayé. Nítorí ìdí èyí ni ìjọba fi yan àwọn kan pé kí wọ́n máa ṣe ojú fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni aláyẹ̀wò ilé.

Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wolé-wolé ni à ń pe òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ń ti ojúlé dé ojúlé, tí ń yẹ inú ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, tí ń wo ilé ìdáná, tí ń wo ẹ̀yìnkùlé. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ fi èrò ọkàn àwọn ènìyàn hàn: ẹni tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kí ó máa wo ilé onílé. Bí wọ́n ti ń bẹ̀rù rẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò wolé-wolé ni aláyẹ̀wò ilé kíkọ́ í ṣe, ó sì ti jogún ìbẹ̀rù àti yẹ̀yẹ́ náà pọ̀.

Síbẹ̀, òfin tí ó gbé lọ́wọ́ kì í ṣe eré. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, iná ńlá ọdún 1666 ni ó kọ́ àwọn ará ibẹ̀ lọ́gbọ́n, nígbà tí ó jó àwọn ilé onígi tí ó fara kọ́ra káàkiri ìlú. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1667, pa á láṣẹ pé bíríkì tàbí òkúta ni kí a máa fi kọ́ ilé; ó sọ bí ògiri yóò ti nípọn tó; ó sì mú kí a yan àwọn tí yóò máa lọ wò ó bóyá àwọn ènìyàn ń pa òfin náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ nínú òfin ilé kíkọ́ ni a kò kọ àfi ìgbà tí àjálù ti kọ́ ni lọ́gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ènìyàn ni aláyẹ̀wò, ènìyàn ni ó sì kọ òfin. Nígbà mìíràn aláyẹ̀wò a máa pa àṣẹ tí kò bá ọgbọ́n mu. Kí ni ó yẹ kí ayàwòrán ilé ṣe nígbà náà? Bí ó bá gbà láìjanpata, ó lè ba iṣẹ́ jẹ́ kí ó sì fi owó onílé ṣòfò. Bí ó bá kọ̀ láìronú, ó lè fi ẹ̀mí ènìyàn wewu. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn ayàwòrán nìkan. Ó kan gbogbo ẹni tí ń sùn sínú ilé tí kì í ṣe òun ni ó kọ́ ọ.

Irú àṣẹ mẹ́ta

Bí a bá wo ọ̀ràn náà fínnífínní, a ó rí i pé àṣẹ tí kò bá ọgbọ́n mu pín sí ọ̀nà mẹ́ta, bí a sì ti ń dáhùn ọ̀kan kọ́ ni a ń dáhùn èkejì.

Èkíní ni èyí tí ó wà nínú ìwé òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó kọ òfin kò ronú kan irú ilé tí ó wà nílẹ̀ yìí. Òfin a máa sọ̀rọ̀ nípa ilé tí ó wọ́pọ̀. Bí ilé tuntun kan bá yọjú tí kò jọ èyí tí ó wọ́pọ̀, òfin a dàbí ẹ̀wù tí a rán fún ẹlòmíràn. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn aláyẹ̀wò níhìn-ín, nítorí ohun tí a fi rán an ni ó ń jẹ́.

Èkejì ni èyí tí kò sí nínú ìwé òfin rárá. Aláyẹ̀wò kan lè sọ pé fèrèsé kò dára ní ìhà ibẹ̀, tàbí pé àtẹ̀gùn kò wu òun bí ó ti rí, tàbí pé bí wọ́n ti ń ṣe é ní ibi tí òun ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n ṣe é níhìn-ín. Ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni èyí, tàbí ìbẹ̀rù rẹ̀, kì í ṣe òfin.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó burú jù: àṣẹ tí a pa kí iṣẹ́ lè dúró, kí onílé lè wá fi owó bẹ̀bẹ̀. Ẹnu aláyẹ̀wò ń sọ̀rọ̀ òfin, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára àpò onílé.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń ṣe ni pé wọ́n a da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹni tí ẹ̀kẹta ti jẹ níyà lánàá a máa rò pé ẹ̀kẹta náà ni èkíní tí ó bá pàdé lónìí. A sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tí kò ṣe ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ayàwòrán tó dáhùn, ó di dandan kí ó mọ irú èyí tí ó wà níwájú rẹ̀.

Òpó kan ní ìlú Racine

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí irú àṣẹ kìn-ín-ní. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìlú kan wà tí à ń pè ní Racine, níbi tí ilé iṣẹ́ S. C. Johnson, àwọn tí ń ṣe ìda tí a fi ń dán ilẹ̀ ilé, fi ṣe ibùjókòó. Ní 1936, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, Herbert Johnson, gbé iṣẹ́ lé Frank Lloyd Wright lọ́wọ́ pé kí ó ya ilé tuntun tí àwọn akọ̀wé wọn yóò máa jókòó ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Wright ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà, orúkọ rẹ̀ sì ti kàn ká ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ni Wright yà, tí kò ní ògiri láàárín, tí ọ̀pọ̀ òpó kankéré gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Òpó wọ̀nyí kò jọ òpó tí àwọn ènìyàn ń rí. Ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, níbi tí ó ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kò ju íńṣì 9 lọ ní ìbú. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé òkè pátápátá tí ó fi tẹ́ bí àwo ribiti tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18, gẹ́gẹ́ bí ewé òṣíbàtà ti í tẹ́ lójú omi. Nínú kankéré náà ni Wright tẹ́ irin tí a hun bí àwọ̀n apẹja sí, kí agbára lè kárí gbogbo ara òpó.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Wisconsin tí ń ṣàyẹ̀wò ilé rí àwòrán yìí, wọn kò gbà. Kì í sì í ṣe pé wọn kò ní ìdí. Ọ̀pá tí ó gùn tí ó sì tínrín, bí a bá gbé ẹrù lé e lórí, títẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà ni yóò dá. Ẹni tí ó bá ti fi gbogbo ara tẹ ọ̀pá ìtilẹ̀ tí kò nípọn rí mọ ohun tí à ń wí. Nítorí náà ni òfin fi so gíga òpó mọ́ bí yóò ti nípọn tó. Ní ìwọ̀n òfin yìí, òpó Wright tínrín jù, ó jìnnà sí ohun tí a gbà láàyè. Àwọn tí ó kọ òfin kò rí òpó tí ìdí rẹ̀ kéré tí orí rẹ̀ fẹ̀ bí agbòjò rí, wọn kò sì fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ọ̀nà mélòó kan ni ó wà níwájú Wright. Ó lè mú kí òpó náà sanra bí òfin ti wí, kí gbọ̀ngàn náà sì kún fún òpó ràbàtà-rabata tí yóò gba ààyè àwọn akọ̀wé. Ó lè fi orúkọ ńlá rẹ̀ àti owó Johnson halẹ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Èyí tí wọ́n wá fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n kọ́ òpó kan ṣoṣo síta fún ìdánwò, kí wọ́n sì di ẹrù lé e lórí. Bí ó bá gbé tọ́ọ̀nù 12, àṣẹ yóò wà fún àwọn ìyókù.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Júùnù, 1937, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di àpò iyanrìn àti irin lé orí òpó náà. Ó gbé tọ́ọ̀nù 12, kò mì. Wright kò jẹ́ kí wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n ń di ẹrù lọ, ó ń gbé e. Òun àti Johnson tilẹ̀ lọ dúró sí abẹ́ rẹ̀. Tọ́ọ̀nù 60 ni ó wà lórí rẹ̀ kí ó tó di pé wọ́n tẹ́ ara wọn lọ́rùn, tí wọ́n sì wá fa òpó náà wó lulẹ̀. Ìlọ́po márùn-ún ohun tí a béèrè ni èyí. Àwọn aláyẹ̀wò fún un láṣẹ, ilé náà parí ní 1939, àwọn òpó náà sì wà ní ìdúró títí di òní yìí.

Ohun tí ìdánwò náà kọ́ ni

Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí a máa sọ ọ́ bí ìtàn akọni kan tí ó dójú ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí a bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, a kò ní í rí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Wright kò sọ pé aláyẹ̀wò kò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ó gbà pé ìbéèrè náà tọ́: ṣé òpó yìí yóò gbé òrùlé? Ìdáhùn tí òfin fi sílẹ̀ fún ìbéèrè náà nìkan ni kò gbà. Nípa bẹ́ẹ̀, ìjà ta ni ó lágbára jù kò sí mọ́. Ohun tí ó kù ni kí a wo bí ẹrù tí òpó lè gbé ti pọ̀ tó. Kò sí ẹni tí ó ní láti tẹríba fún ẹnìkejì.

Ohun kejì ni pé wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye ẹrù kí wọ́n tó gbé àpò kan ṣoṣo. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìjà tuntun ni ìdánwò náà ìbá dá sílẹ̀, nítorí ẹni tí kò fẹ́ gbà yóò máa sọ pé ó kù díẹ̀ káàtó. Ohun kẹta ni pé ní gbangba ni wọ́n ti ṣe é, níwájú àwọn tí ń ṣiyè méjì. Ẹ̀rí tí a fi han ọ̀rẹ́ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun kẹrin ni pé onílé mọ̀ sí i. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ òpó tí wọ́n mọ̀ pé àwọn yóò wó.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ayàwòrán ni ó lè kọ́ òpó síta kí ó sì wó o. Bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ni ó gba èyí. Ẹ̀rí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Ìṣirò tí ẹnjiníà fọwọ́ sí jẹ́ ẹ̀rí. Kankéré tí a dà sínú àpótí kékeré, tí a fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 28 tí a sì wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́ láti mọ agbára rẹ̀, jẹ́ ẹ̀rí. Ilé mìíràn tí a ti kọ́ ní irú ọ̀nà kan náà, tí ó sì ti pẹ́ ní ìdúró, jẹ́ ẹ̀rí pẹ̀lú, bí aláyẹ̀wò bá lè lọ wò ó.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rí tó dé, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó kọ́kọ́ ń ṣáájú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí aláyẹ̀wò bá pa àṣẹ tí ó ṣe ayàwòrán ní kàyéfì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá mi fi ibi tí ó wà nínú òfin hàn mí, kí n lè ṣe é bí ó ti yẹ." Ọ̀rọ̀ yìí kò tàbùkù ẹnikẹ́ni, àgbà sì lè fi ọ̀wọ̀ gbà á lẹ́nu ọmọdé. Iṣẹ́ ńlá ni ó sì ń ṣe, nítorí òun ni ó ń ya irú àṣẹ kìn-ín-ní sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àṣẹ tí ó ní òfin nínú yóò fi ojú òfin náà hàn. Èyí tí kò ní i yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn padà. Ọ̀pọ̀ àṣẹ tí ó jẹ́ ìfẹ́ inú lásán ni ìbéèrè kékeré yìí ti pa láìjà.

Lẹ́yìn èyí, kí ayàwòrán kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí ó kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ aláyẹ̀wò pé: "Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ nígbà tí ẹ bẹ̀ wá wò lónìí, ẹ fẹ́ kí a ṣe báyìí báyìí. Bí kò bá rí bí a ti gbọ́ ọ, a bẹ̀ yín kí ẹ tọ́ wa sọ́nà." Ọ̀rọ̀ ẹnu dàbí ẹyin, bí ó bá bọ́ kì í ṣeé kó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé ń dúró de ọjọ́ tí a ó wá a. Ẹni tí ó mọ̀ pé a ó kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ a máa ronú kí ó tó sọ ọ́.

Nínú gbogbo èyí, ọgbọ́n tún ni kí a mọ ibi tí ó yẹ kí a ti jìjàdù. Bí ohun tí aláyẹ̀wò ń fẹ́ kò bá ná onílé ní nǹkan, tí kò sì ba ilé jẹ́, ṣíṣe é yá ju lílọ bíbọ̀ oṣù mẹ́ta lọ. Ohun tí ó bá kan agbára ilé, tàbí owó ńlá, tàbí ẹ̀tọ́ onílé lábẹ́ òfin, èyí ni kí a dúró lé.

Ilé orí omi ní Bear Run

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà, ẹni tí kò bá sọ ọ́ ti tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ. Àṣẹ mìíràn wà tí ó dàbí ẹni pé kò bá ọgbọ́n mu, tí ó sì jẹ́ pé ẹni tí à ń pa á fún ni kò rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Wright kan náà ni ẹlẹ́rìí èyí.

Ní àkókò kan náà tí wọ́n ń kọ́ ilé Racine, ó ń kọ́ ilé mìíràn ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania fún oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Edgar Kaufmann. Orí odò kékeré kan tí à ń pè ní Bear Run ni ilé náà wà. Òun ni ayé mọ̀ sí Fallingwater. Àwọn pèpéle kankéré rẹ̀ nà jáde sórí omi tí ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, láìsí òpó kankan lábẹ́ orí wọn. Kaufmann, tí owó jẹ́ tirẹ̀, fi àwòrán náà han àwọn ẹnjiníà kan ní Pittsburgh. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aláyẹ̀wò ni wọ́n ṣe: wọ́n wò ó, ẹ̀rù sì bà wọ́n, wọ́n ní irin inú kankéré náà kò tó.

Lọ́tẹ̀ yìí, Wright kò sọ pé kí wọ́n gbé ẹrù wá. Inú bí i, ó halẹ̀ pé òun yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, Kaufmann sì tọrọ àforíjì. Síbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi irin kún irin tí ó wà nínú pèpéle ńlá náà. Nígbà tí wọ́n yọ pákó tí ó gbé kankéré ró, orí pèpéle náà tẹ̀ wálẹ̀, kò sì dáwọ́ títẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi tó nǹkan bí íńṣì 7. Ní 1997 wọ́n ní láti gbé irin tì í lábẹ́ kí ó má baà wó. Ní 2002 ni wọ́n wá ki okùn irin bọ̀ ọ́ lára, tí wọ́n fà á le kí ó lè dúró. Bí kì í bá ṣe irin tí àwọn oníbẹ̀rù fi kún un, ọ̀rọ̀ náà ìbá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkùnrin kan náà ni, àkókò kan náà ni. Ní Racine, ó fi tọ́ọ̀nù 60 dáhùn, a sì rí i pé òtítọ́ ni ó ń sọ. Ní Bear Run, ìbínú ni ó fi dáhùn, a kò sì mọ òtítọ́ àfi nígbà tí kankéré tẹ̀. Ìdánilójú ọkàn rẹ̀ kò dín ní ibì kan ju èkejì lọ. Nítorí náà, ìdánilójú ayàwòrán kì í ṣe ẹ̀rí, bí ó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó. Kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí àléébù yóò ti yọ: ní Racine pàápàá, òpó tí wọ́n jà lé lórí kò dá ẹnikẹ́ni lágara, ṣùgbọ́n òrùlé tí Wright fi ọ̀pá gíláàsì ṣe ń jò. Ìdí rèé tí ó fi yẹ kí ayàwòrán bi ara rẹ̀ léèrè, kí ó tó pe àṣẹ kan ní àṣẹ aláìlọ́gbọ́n, bóyá òun ti lóye ohun tí ó ń ba aláyẹ̀wò lẹ́rù. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ní ilẹ̀ tiwa

Bí a bá wá padà sílé, a ó rí i pé irú àṣẹ kẹta ni àwọn ènìyàn ń ráhùn sí jù. Òfin kò sì fi ayàwòrán sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìwé Òfin Ilé Kíkọ́ ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà jáde ní 2006, ẹnikẹ́ni sì lè kà á. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ètò ìlú tí a ṣe ní 2010 pín iṣẹ́ náà sí méjì: ẹ̀ka LASPPPA ni ó ń fún ni láṣẹ láti kọ́lé, ẹ̀ka LASBCA ni ó sì ń ṣàyẹ̀wò ilé tí à ń kọ́ lọ́wọ́. Òfin kan náà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ti kọ lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò rí ohun gbé lọ síwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2000 láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ mú ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ju òfin lọ. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí onílé ti fi àjà kan kún iye tí a fún un láṣẹ, tàbí tí ó ti kọ́ ilé dé ojú àgbàrá, ni owó ti ń rí ọ̀nà wọlé. Ayàwòrán tí ìwé rẹ̀ pé, tí ohun tí ó wà nílẹ̀ sì bá ohun tí ó wà nínú púláànù mu, lè wí pé òun yóò dúró de ìdájọ́. Ẹni tí ó ti lanu kò lè wí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì sanwó, kì í ṣe ìwé àṣẹ nìkan ni ó rà. Ó ti ra ojú tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀, ó sì ti fọ́ ọ.

Ohun tí èyí lè yọrí sí, Èkó ti rí i. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Nòfẹ́ńbà, 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé àwọn aláyẹ̀wò ti ti ibẹ̀ pa kí ó tó wó. Síbẹ̀, iṣẹ́ tún padà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó wó, àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ ìjọba kò tilẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí iye àjà tí a fún wọn láṣẹ láti kọ́. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2020, ilé iṣẹ́ ẹnjiníà tí ń bójú tó agbára ilé náà ti kọ lẹ́tà sí onílé pé àwọn kò bá a ṣe mọ́.

Lẹ́tà yẹn ni ohun èlò ìkẹyìn tí ó wà nínú àpò ọ̀mọ̀wé. Bí ìgbà tí onílé bá sọ pé àṣẹ aláyẹ̀wò kò bá ọgbọ́n mu, tí ayàwòrán sì mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ó bá a mu, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní kedere. Bí onílé kò bá sì gbọ́, kí ó kọ̀wé, kí ó kúrò níbẹ̀. Ó sì yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aláyẹ̀wò pẹ̀lú, kí ó má ṣe parí sí ọwọ́ onílé nìkan, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbé bíríkì gòkè lọ́jọ́ kejì kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti kúrò.

Ayàwòrán àti aláyẹ̀wò kì í ṣe ọ̀tá ara wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wo ara wọn. Ẹnìkan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ fún, ẹni náà kò sì sí níbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni ó fi yẹ kí ayàwòrán béèrè òfin nígbà tí a kò fi òfin hàn án, kí ó mú ẹ̀rí wá nígbà tí òfin kò bá tó, kí ó gbà nígbà tí ẹ̀rí bá dá a lẹ́bi, kí ó má sì sanwó rí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tí ó bá sì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò san gbèsè gbogbo ẹni tí ó dákẹ́.